Ẹ Má Ra Nọ́ńbà, Iná Ni Kí Ẹ Rà

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa n'Íbàdàn ló ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ ẹ̀gbẹ́ páwà báńkì mi, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ike náà sì là sí méjì. "Mọ́mì, ẹ sún mọ́bí, ẹ wá wò ó." Mo sún mọ́ ọn. Bátìrì roboto mẹ́fà ni mo rí, wọ́n tò wọ́n ti ara wọn bíi sàdín inú agolo. Mo ní, ṣebí wọ́n pé? Kò dá mi lóhùn. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ tọ́ka sí ibi tí wáyà gbà: méjì péré nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wáyà dé ara wọn. Mẹ́rin tó kù kàn jókòó síbẹ̀ lásán ni. Ó fi mítà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mítà kò ka nǹkan kan. Ló bá yọ ọ̀kan, ó gé orí rẹ̀, ó dà á sórí bébà. Yanrìn ni. Yanrìn gbígbẹ tó kúná, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ilé.

Ara páwà báńkì yẹn ni wọ́n kọ 50,000 mAh sí gàdàgbà. Ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, ó ní sólà kékeré lẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé e kiri nínú báàgì, tí mo ń sọ fún gbogbo ayé pé fóònù mi ló ya alájẹkì. Mo tiẹ̀ ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti pààrọ̀ fóònù náà. Fóònù kò ṣẹ̀ mí rárá.

Ẹ̀yin ará mi, mi ò kọ èyí láti bú ẹni tó tà á fún mi. Ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ torí pé nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, kò sí ẹnìkan nínú àgbàlá wa tí kò ní irú rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ gbé tirẹ̀ jáde, 30,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn gbé tirẹ̀ jáde, 60,000, kò sì ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. A wo ara wa lójú.

Láyé ìgbà kan, bí fóònù bá kú, ipè nìkan ló bọ́. Lónìí, bí fóònù oníPOS bá kú, ó ti pa ṣọ́ọ̀bù dé nìyẹn. Ọlọ́kadà tó ń fi ápù gbé èrò, ọmọ tó ń kàwé JAMB lórí fóònù lóru, ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ń pè láti London ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn ni fóònù òkú ń dá lọ́wọ́ kọ́. Àwa tí iná ìjọba kì í dúró lọ́dọ̀ wa kò fi páwà báńkì ṣe fáàrí. Ó ti di ohun èlò ilé bíi sítóòfù. Ohun tí a sì ń fi owó ìyà rà báyìí, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń rà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Ẹ má fi nọ́ńbà ara páálí ra páwà báńkì mọ́. Ẹ bèèrè iná tó wà nínú rẹ̀, ẹ bèèrè bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó kún, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa dá a padà fún bí kò bá ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà yẹn bí ẹ́ńjíníà tó tú páwà báńkì mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, tí èmi náà fi bírò àti ìwé ṣírò rẹ̀ títí ó fi yé mi. mAh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì gbà, bí wọ́n ṣe ń fi lítà wọn epo. Ṣùgbọ́n fólítì 3.7 ni bátìrì inú páwà báńkì fi ń ṣiṣẹ́, fólítì 5 ló sì ń jáde lẹ́nu USB. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ti iná náà láti 3.7 gòkè sí 5. Bí fólítì bá ṣe gòkè, bẹ́ẹ̀ ni mAh á wálẹ̀, díẹ̀ á sì tún di ooru lójú ọ̀nà; ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó bá ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, 10,000 mAh tó jẹ́ ojúlówó, nǹkan bí 6,000 sí 6,500 ló máa dé ẹnu wáyà yín. Èyí kì í ṣe jìbìtì. Ẹni tó ra iṣu ra èèpo mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni yóò di iyán.

Àwọn tó ń ṣe ọjà gidi kì í sì fi èyí pamọ́. Ẹ yí páwà báńkì náà padà, ẹ wo àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí Rated Capacity níbẹ̀, iye rẹ̀ á sì kéré sí ti iwájú. Lára 10,000, ó sábà máa ń wà láàárín 5,500 sí 6,500. Bí ẹ bá rí i, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò sá fún ìbéèrè yín. Bí nọ́ńbà ńlá iwájú bá dá wà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ fóò, ẹ fura.

Tèmi ni jìbìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀wà ní Bódìjà mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú: ojú rẹ̀ kún, inú rẹ̀ kò kún. Bátìrì roboto tó wà nínú ọ̀pọ̀ páwà báńkì ni àwọn atúnfóònùṣe ń pè ní 18650, torí ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó sì gùn ní 65. Èyí tó dára gan-an nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3,500 mAh lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó gíráàmù 45 sí 50. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ wò. Kí páwà báńkì kan tó lè jẹ́ 50,000 lóòótọ́, bátìrì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì tó gíráàmù 700 kí wọ́n tó fi ike bò wọ́n. Ike omi 75cl tó kún ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Tèmi ń wọ àpò ṣòkòtò ọmọ mi, kò sì fà á wálẹ̀.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wọ̀n ọ́n nìyẹn. Sìkéèlì tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà ti tó. 10,000 tó dára máa ń wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 180 sí 250; 20,000, nǹkan bí 330 sí 450. Àwọn kan ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi ti inú fóònù, ìwọ̀n wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ ìwọ̀n nìkan kò tó ẹ̀rí, torí yanrìn náà wúwo. Èyí tó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ti jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Èyí tó wúwo, ó ṣì ku ká dán an wò.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń retí: ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa báyìí, bátìrì 5,000 mAh ló wà nínú wọn. 10,000 gidi á mú irú fóònù bẹ́ẹ̀ kún lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀. 20,000 gidi á mú un kún tó bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ṣèlérí ẹ̀ẹ̀mẹwàá fún yín pẹ̀lú ohun tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí, torí àwọn tó ń polówó kì í sọ ọ́. Páwà báńkì kì í ṣẹ̀dá iná. Ẹ ó kọ́kọ́ bu iná sínú rẹ̀ ni. Iná wo? Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC kéde owó iná tuntun fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Àsìkò náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara wa léèrè pé lẹ́tà wo ni wọ́n fi àdúgbò wa sí. Band B, wákàtí 16. C, wákàtí 12. D, wákàtí 8. E, wákàtí 4. Ìlérí nìyẹn o. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó ń dé ojúlé yín.

Ẹ wá wo ara páwà báńkì tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Input sí. Bí wọ́n bá kọ 5V àti 2A, ẹ sọ 5 di ìlọ́po méjì, wáàtì 10 nìyẹn. Bátìrì 20,000 mAh ní fólítì 3.7 jẹ́ wáàtì-wákàtí 74. Ẹ fi 10 pín 74, ó lé ní wákàtí méje. Ẹ fi èyí tó ń ṣòfò lé e, ó di mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ẹni tí iná ń wá bá fún wákàtí mẹ́rin lóru, ó di òru kẹta kí páwà báńkì rẹ̀ tó kún, ìyẹn tí kò bá fa nǹkan kan nínú rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Ta ló ń ra páwà báńkì tí kò ní fa nǹkan kan nínú rẹ̀? Tó bá wá jẹ́ ṣájà àtijọ́ tó jẹ́ 1A ló fi ń ṣe é, ìlọ́po méjì ìyẹn ni.

Mo rí ọkùnrin kan tó ń ráhùn pé 20,000 òun kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Ojúlówó ni, owó gidi ló fi rà á. A jọ jókòó, a ṣírò rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti rà á, kò tíì kún rí! Iná ń wá, iná ń lọ, ó ń gba díẹ̀, ó ń yọ díẹ̀, ó sì ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ohun tó yẹ kó rà ni 10,000 tó ń yára gbaná. Èyí tí wọ́n kọ 9V àti 2A sí ibi Input rẹ̀ ń gba wáàtì 18, wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni yóò fi kún, bí ṣájà tí ẹ kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá lè gbé wáàtì 18 jáde. Ẹ má fojú fo ti ṣájà yẹn. Ṣájà kékeré pẹ̀lú páwà báńkì ńlá, bí ẹni ń fi ife bu omi kún dúrọ́ọ̀mù ni. Ẹni tó gbójú lé jẹnẹrétọ̀ tó ń tàn fún wákàtí méjì lálẹ́, ìṣírò kan náà ni. Ẹni tó ń sanwó fún àwọn tó ń bá èèyàn ṣáàjì níta, ìṣírò kan náà ni, owó lòun sì ń fi kún un.

Kí ẹ tó sọ pé sólà ńkọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí sólà ẹ̀yìn rẹ̀ ló fà mí mọ́ra ní tèmi. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ NEPA. Sólà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bí oòrùn bá mú ganrínganrín, wáàtì kan sí ọ̀kan ààbọ̀ ni yóò fún yín. Ká ní ẹ rí oòrùn tó dáa fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, wáàtì-wákàtí méje ààbọ̀ nìyẹn. 20,000 mAh tó jẹ́ 74 á gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá lórí òrùlé. Oòrùn tí ẹ sì sá a sí yẹn ló tún ń ba bátìrì inú rẹ̀ jẹ́, torí irú bátìrì yìí kórìíra ooru bí ọ̀tá. Sólà ńlá tí wọ́n gbé sórí páànù, tí wáyà rẹ̀ wọlé wá, ìyẹn yàtọ̀, ó sì dára púpọ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páwà báńkì, ẹ má fi kọ́bọ̀ lé owó nítorí rẹ̀.

Ó di ọjà wàyí. Yálà Queen Cinema n'Íbàdàn ni ẹ lọ o, yálà Computer Village n'Ìkẹjà, olóòótọ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀tàn náà sì wà. Ẹni tó fẹ́ yára tà á ki wáyà bọ fóònù yín, àmì mànàmáná á yọ lójú fóònù, á ní, "Mọ́mì, ẹ ò rí i? Ó ń ṣáàjì." Ẹ̀yin náà á yọ owó. Àmì mànàmáná yẹn kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Bátìrì méjì tó wà láàárín yanrìn nínú tèmi náà ń mú un yọ dáadáa.

Mo mọ̀ pé owó kò sí. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ẹni tí kò sì ní owó ọbẹ̀ kò ní fi èyí tó kan ṣòfò. Mo ra ti 50,000 torí pé owó rẹ̀ kò tó ìlàjì owó 10,000 gidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti mọ̀. Bí ẹni tó ń ta ìrẹsì bá ń gba owó kóńgò kan lórí àpò kan, a ó bi í pé kí ló wà nínú àpò. Kí ló dé tí a kì í bi oní-páwà-báńkì? Bí owó yín kò bá tó 20,000 gidi, ẹ ra 10,000 gidi. Bí kò bá tó ìyẹn, 5,000 gidi ṣì lè gbé fóònù tó ti fẹ́ kú padà dé ju ìlàjì lọ, yanrìn kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ gba rìsíìtì. Kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ọjà àti nọ́ńbà mọ́dẹ̀lì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣáàjì páwà báńkì náà títí gbogbo iná ara rẹ̀ fi dúró, tí kò ṣẹ́jú mọ́. Ẹ lo fóònù yín títí iná rẹ̀ fi kù ní 20%. Ẹ pa á, ẹ so ó mọ́ páwà báńkì, kí ẹnikẹ́ni má fi pè, kó má wo fíìmù, títí yóò fi di 100. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún lo fóònù náà padà sí 20, ẹ tún so ó. Bí fóònù yín bá jẹ́ 5,000, 10,000 gidi yóò ṣe ti àkọ́kọ́ tán pátápátá, yóò sì ṣe ju ìlàjì ìkejì lọ. Bí ó bá kú kí ó tó parí ti àkọ́kọ́, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú rìsíìtì yín. Ẹ má dúró títí di oṣù mẹ́ta bíi tèmi.

Bí wọ́n bá fi àkọlé hàn yín pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Òfin FCCPA ti 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó bá ohun tí wọ́n pè é mu, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún. Àjọ FCCPC ló ń gba ẹ̀sùn irú èyí. SON ló ń rí sí bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ dára tó. Ẹ sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, ẹ mú ẹ̀rí dání. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní USB tester, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, ó máa ń ka iná tó ń jáde lẹ́nu páwà báńkì títí yóò fi gbẹ. Ẹ bi àwọn ọlọ́jà bóyá wọ́n ní in, bóyá wọ́n ní sìkéèlì. Bí èèyàn kan bá bèèrè, wọ́n á rò pé aláròyé ni. Bí èèyàn mẹ́wàá bá bèèrè lọ́jọ́ kan, wọ́n á lọ rà á.

Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí yín: ẹ tú ọ̀kan nínú páálí yín fún ẹ́ńjíníà tí ẹ fọkàn tán kí ẹ tó tà á fún ìyá ọlọ́mọ.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ owó bọ̀, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló jí mi lójú oorun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sùn ti fóònù rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, páwà báńkì wà lábẹ́ ìrọ̀rí, wáyà wà láàárín wọn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òórùn ló jí i. Ó ní ó dà bí ike tó ń jó, ó sì tún dùn díẹ̀ nímú. Nígbà tó gbọ́wọ́ lé ìrọ̀rí, ó gbóná bí ayọ́ọ̀nù. Ó fi wáyà fa páwà báńkì náà jáde, ó wọ́ ọ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ọ́ sórí símẹ́ǹtì, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣàà bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo. Ihò tó dá sára fọ́ọ̀mù fẹ̀ bí àwo tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Ọmọ náà kò tiẹ̀ jí.

Bátìrì yìí kì í ṣe ohun burúkú. Sony ló kọ́kọ́ gbé lithium-ion wá sọ́jà ní 1991, wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá àwọn onímọ̀ mẹ́ta lọ́lá lórí rẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n iná púpọ̀ ló há sí ibi tó kéré, ohun olómi tó wà nínú rẹ̀ sì lè gbiná. Ojúlówó pàápàá ń ṣìṣe. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé iṣẹ́ Anker pe páwà báńkì PowerCore 10000 tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà, torí pé bátìrì inú rẹ̀ lè gbóná jù kó sì gbiná. Wọ́n sọ nọ́ńbà mọ́dẹ̀lì rẹ̀, A1263, kí olúkúlùkù lè yí tirẹ̀ padà kó wò ó. Ẹ ronú sí i. Páwà báńkì tí kò ní orúkọ, tí kò ní mọ́dẹ̀lì, tí ẹni tó ṣe é kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀, lọ́jọ́ tó bá yẹ kí wọ́n pè é padà, ta ni yóò pè é? Orúkọ tí ẹ ń sanwó lé lórí kì í ṣe ti gbajúmọ̀ nìkan. Ẹ ń sanwó kí ẹnìkan lè dáhùn.

Bí ẹ bá ń wọkọ̀ òfuurufú, kí páwà báńkì má wọ inú àpótí tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi mú un. Wáàtì-wákàtí 100 ni wọ́n ń gbà láìbèèrè, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 27,000 mAh. Láti ibẹ̀ dé 160, ẹ ní láti gba àṣẹ ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọn kò gbà. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì ni àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ máa kà. 50,000 á di 185 lójú wọn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Wọn kò sì ṣe àṣejù. Ọjọ́ 28 oṣù kìíní 2025 ni ọkọ̀ Air Busan kan jó ní pápákọ̀ Gimhae ní Kòríà Gúúsù kó tó gbéra. Gbogbo èrò jáde láàyè, àwọn tó wádìí rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páwà báńkì tó wà nínú àpótí òkè orí ló dá a sílẹ̀.

Nílé, ẹ gbé e sórí ohun tó le nígbà tó bá ń gbaná, sórí tábìlì tàbí sórí símẹ́ǹtì, níbi tí ojú yín ti tó o. Ẹ má ṣe gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò tí ẹ tì mọ́ oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú epo jẹnẹrétọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, kí kẹ́ẹ̀gì yẹn àti páwà báńkì má sùn sí yàrá kan náà. Bí ó bá já bọ́ tí ike rẹ̀ là, bí ó bá ń gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á, bí ó bá ń rùn, ó ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Bí ó bá wú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì so ó mọ́ iná mọ́. Ẹ má jù ú sí ààtàn níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣa nǹkan, ẹ má sun ún mọ́ ìdọ̀tí. Bí iná bá sì sọ lára rẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde ná kí ẹ tó ro ẹrù, ẹ sá fún èéfín rẹ̀, kí ẹ sì pe 112.

Tèmi wà lẹ́yìnkùlé báyìí. Ẹ́ńjíníà ti yọ bátìrì méjì tó jẹ́ ti òótọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wú lórí. Mo kó wọn sínú agolo mílíìkì, mo da yanrìn bò wọ́n, yanrìn inú mẹ́rin tó kù náà wà níbẹ̀, mo gbé agolo sórí símẹ́ǹtì jìnnà sí ògiri, títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí yóò bá mi gbé wọn fún àwọn tó ń gba bátìrì àlòkù. Bí tiyín bá ti wú, tó sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí nínú dúrọ́ọ̀ aṣọ bí ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ gbé e jáde.